Orogún Tí Mo Wẹ̀

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yìí ṣáájú gbogbo ohun tí mo bá kọ síhìn-ín, nítorí pé láìpẹ́ yìí, níbi ìsìnkú aládùúgbò wa kan, àlùfáà ọ̀dọ́ kan tí wọn kò tíì bí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ dìde wàásù, ó sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní obìnrin kan wà nílùú yìí rí tó fẹ́ràn orogún rẹ̀ bí ara rẹ̀, tó fi ayọ̀ ru àgbélébùú tirẹ̀ dé òpin. Kò mọ̀ pé obìnrin náà ni arúgbó tó jókòó lẹ́bàá ògiri, tó ń wò ó bí ẹni ń wo olè. Mo fẹ́ dìde kí n sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n eékún mi kì í tètè gbọ́ tèmi mọ́. Kí n tó fara ti àga kí n nàró, ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Irọ́ náà ti pẹ́. Kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n tán.

Ọmọ Gbaffo ni mí. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn òbí mi kí wọ́n tó bí mi, àwọn másẹ̀ẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ mi ní ìwé kíkà, àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí wọn kì í lọ́kọ. Nígbà tí mo tó ẹni tí wọ́n ń fún lọ́kọ, mo fẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ìdáàṣà, nísàlẹ̀ òkè. Níwájú pẹpẹ ni wọ́n ti so wá pọ̀, pẹ̀lú òrùka. Oko rẹ̀ wà ní Kpingni. Iṣu ló ń gbìn, àti ẹ̀pà, àti ẹ̀gẹ́. Èmi máa ń fi ẹ̀gẹ́ yẹn ṣe gàrí, gàrí mi sì lórúkọ lọ́jà, torí pé mo máa ń yan án títí yóò fi máa dún lẹ́nu. Ọkọ mi ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò, nítorí náà òun ni wọ́n yàn láti máa gbé àgbélébùú ńlá ṣáájú nígbàkígbà tí ìjọ bá ń wọ́ kiri ìlú. Mo bí ọmọ mẹ́ta fún un. Ọmọbìnrin ni àkọ́bí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé tó mú obìnrin kan wálé láti Aklampa. Ó ní ọjà Glazoué ni àwọn ti pàdé. Kò bi mí. Ó kàn gbé àpótí obìnrin náà wọlé lọ́sàn-án gangan, ó sì lọ wẹ̀.

Wọ́n gba àgbélébùú lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìjọsìn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba ara Olúwa mọ́ títí yóò fi lé obìnrin náà lọ. Kò lé e. Èmi wá di ẹni tí gbogbo ìjọ ń wò bí obìnrin tí kò mọ ọkọ tọ́jú. Katikísì wa, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, tó sì ń túmọ̀ ìwàásù fún àlùfáà òyìnbó, wá sílé láti tù mí nínú. Ó ní kí n fara dà á. Ó ní àgbélébùú tèmi nìyẹn. Mo bi í pé ṣé èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ mi ni wọ́n wá gbé fún mi. Ó ní kí n má fi ohun mímọ́ ṣàwàdà. Mi ò ṣàwàdà.

Obìnrin náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó pupa, ó sì lóhùn orin. Àwọn èèyàn rẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́, òrìṣà ìdílé wọn ni wọ́n ń sìn. Ní gbogbo àárọ̀ ni yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyáálé mi." Ẹnu rẹ̀ á rọ̀ bí òrí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ti máa wo ẹ̀yìn mi nínú yàrá bóyá ọkọ wa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni yẹn a kì í bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá fẹ́ bá a wí, adìyẹ ni mo ń bú. Tí òun náà bá fẹ́ fèsì, ewúrẹ́ ló ń dojú kọ. Àwọn ẹran ilé wa gbọ́ èébú nígbà náà ju bó ti yẹ ẹranko lọ. Nígbà kan ó gbé agbada tí mo fi ń yan gàrí, ó fi se ẹran àsè òrìṣà wọn. Mo fọ́ ìkòkò omi rẹ̀. Ọkọ wa bá wa wí lápapọ̀, ó ní àwa méjèèjì kò fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀, ó sì lọ sùn sí oko.

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di ọyẹ́ ọdún kan, nígbà tí igi ìdáná ti tán nítòsí ilé, tí àwọn obìnrin ń gòkè lọ wá a láàárín àpáta. Òun náà gòkè. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ní ó rí ẹ̀ka gbígbẹ kan tó yọ láti inú pàlàpálá àpáta, ó sì na ọwọ́ sí i. Òkúta tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn balẹ̀ sórí àpáta tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé kan, wọ́n tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo wà nídìí agbada nígbà tí wọ́n gbé e wọ agbo ilé. Mo rí ojú rẹ̀. Ó là sílẹ̀, kò sunkún. Mi ò dìde. Gàrí tí a bá fi sílẹ̀ lórí iná á jó, mo sì yan án tán kí n tó lọ wò ó.

Ọkọ wa fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí wọ́n tó padà dé, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Dókítà ní eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, kò ní fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́, kò sì ní mọ ìgbà tí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti Aklampa. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n jẹun, wọ́n ní àwọn ń lọ forí korí, àwọn yóò padà wá. Wọn kò padà wá. Ọkọ wa ní àsìkò ebè ti dé. Ó kó ọkọ́, ó kó ẹní, ó lọ sí Kpingni. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń wálé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó wá di pé oṣù á fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kí a tó rí i. Tó bá dé, yàrá tèmi ló ń jókòó sí, á ní, "Báwo ni ara rẹ̀?" bí ẹni pé òkun ló wà láàárín òun àti yàrá kejì.

Ìyá arúgbó kan nínú ìdílé ọkọ wa ló kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ wọlé fún un. Nígbà tó yá ó rẹ ìyá náà, ó wá ń gbé abọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lọ. Èmi kò dá sí i. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi, mo sì ń gbọ́ nígbà tó bá ń bèèrè omi. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mi.

Òórùn ló mú mi wọlé. Kì í ṣe ìfẹ́, kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe pé mo rántí Jésù. Ọ̀sán ni, àwọn ọmọ ń jẹun, òórùn náà gba orí ògiri wọlé, àkọ́bí mi sì dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo, ó jáde lọ bì. Mo gbé omi kaná. Mo mú ọṣẹ dúdú àti àlòkù aṣọ kan, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo wọlé.

Ó yí ojú sí mi. Láti ìgbà tó ti wọ ilé wa, "ẹ" ló ń pè mí, kódà nígbà tó bá ń bú mi lójú ewúrẹ́. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní ìwọ.

"O wá wo bí mo ṣe ń kú," ló wí.

"Mo wá wẹ̀ ọ́ ni. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kó o kú."

Ó tutọ́ sí mi lára. Mo fi èjìká nu itọ́ náà, mo ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo ki ìkejì bọ abẹ́ itan, mo sì yí i. Ohun tí mo rí lábẹ́ rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ tán. Ẹní ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Egbò kan wà níbàdí rẹ̀ tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀. Mo jáde, èmi náà bì, mo fi omi yọ ẹnu, mo padà wọlé, nítorí pé mo ti yí i, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ ní ìhòhò báyẹn. Gbogbo ohun tó mú mi padà wọlé nìyẹn. Mo ti ronú nípa rẹ̀ títí di òní, mi ò rí ìdí mìíràn.

Ẹni tó bá wẹ èèyàn lónìí, wọ́n á tún máa retí rẹ̀ lọ́la. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kò gbé abọ́ wá mọ́, ọkọ wa sì gbọ́ lóko pé mò ń ṣe é, ó ránṣẹ́ pé òun dúpẹ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń yí i. Mò ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ egbò, mò ń fi òrí pa á, mò ń tẹ́ aṣọ mìíràn, mò ń gbé ti àná lọ fọ̀. Omi ló le jù. Ẹni tó bá mọ òkè wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé kànga á gbẹ títí obìnrin á fi jókòó tì í kó tó rí ìwọ̀nba díẹ̀ bù. Omi tí ì bá fọ ẹ̀gẹ́ mi ni mo ń dà sí ìdí orogún mi.

Kò dúpẹ́. Bí mo ti ń wẹ̀ ẹ́ ló ń bú mi. Ó ní ọwọ́ mi wúwo bí ọwọ́ ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní inú mi ń dùn. Ó ní èmi ni mo fi àdúrà ìjọ wa tì í lulẹ̀ lórí àpáta. Èmi náà kò dákẹ́. Mo sọ fún un pé tí àdúrà mi bá lè ti èèyàn ṣubú, kì í ṣe òun ni ǹ bá kọ́kọ́ tì. Mò ń pè é ní ẹrù. Tí kò bá fẹ́ jẹun, mo máa ń gbé àwo náà fún ajá níwájú rẹ̀. Nígbà kan ó bù mí jẹ, àpá eyín rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà mo wẹ̀ ẹ́ tán.

Àwọn oníbàárà mi gbọ́. Gàrí kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán rà, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń bù ú sí, wọ́n á sì jù ú sẹ́nu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi kí wọ́n tó wo gàrí. Obìnrin kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó bi mí láìtijú pé ṣé ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ń fọ egbò. Mo ní mo ní ọwọ́ méjì péré. Ó kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíì, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, mo gbé agbada dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ilé, n kò dé ọjà mọ́.

Àkọ́bí mi kò lè jẹun nínú ilé yẹn. Ó ń gbẹ lójú mi. Mo ní kó lọ bá ìyá mi ní Gbaffo fún ìgbà díẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ń bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe obìnrin yẹn ni a ń rán lọ. Mo tú ìka rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Ó kọ̀, kò wò mí nígbà tí ọkọ̀ gbéra.

Ààwẹ̀ ńlá tó máa ń ṣáájú Àjíǹde dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, katikísì ń túmọ̀ ìwàásù àlùfáà òyìnbó wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní mọ́ńpẹ̀ bí àwọn Faransé ti ń pe àlùfáà wọn. Ìwàásù náà dá lórí gbígbé àgbélébùú ẹni. Nígbà tí mọ́ńpẹ̀ parí, katikísì fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kí a má wo ọ̀nà jíjìn, obìnrin kan wà láàárín wa tó ń wẹ ẹni tó gba ọkọ rẹ̀ bí ìyá ti ń wẹ ọmọ tuntun, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń kọrin sí i létí. Ó ní ìfẹ́ tó ń jìyà nìyẹn, ó sì dùn ju oyin lọ. Gbogbo orí yí sí mi. Mo tẹjú mọ́ àtàǹpàkò mi níbi tí eyín ti wọ̀ ọ́, kò tíì jinná.

Lẹ́yìn Mísà àwọn obìnrin yí mi ká. Wọ́n ní mo kú ìfẹ́, mo kú sùúrù, adé mi ń bẹ lọ́run. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò bá mi pọn omi lọ́la. Gbogbo wọn rántí nígbà náà pé àwọn fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná.

Mo bá katikísì nínú yàrá kékeré tó ti ń ká aṣọ pẹpẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí pé ó dàgbà ju bàbá mi lọ.

"Bàbá," ni mo wí, "ta ló sọ fún yín pé mò ń rẹ́rìn-ín?"

Ó ní bí wọ́n ṣe ń wàásù nìyẹn kí ọ̀rọ̀ lè wọ àwọn èèyàn lára. Ó ní ìyà tí mò ń jẹ, tí mo bá fi í fún Jésù, yóò di ohun iyebíye.

"Èmi kọ́ ló ń jìyà. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ló ń jìyà. Èmi, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ẹ wá bá mi yí i nírọ̀lẹ́ yìí. Ó wúwo."

Ó sún sẹ́yìn. Ó ní ọkùnrin ni òun, kò tọ́ kí òun rí ìhòhò aya aláya.

Àgbélébùú ńlá tí ọkọ mi ń gbé tẹ́lẹ̀ wà nínú yàrá náà, wọ́n gbé e ti ògiri. Mo nawọ́ sí i. "Ẹni tí wọ́n kàn mọ́bẹ̀ yẹn ńkọ́, bàbá? Aṣọ wo ló wọ̀?"

Ó lọ fi ẹjọ́ mi sun mọ́ńpẹ̀.

Mọ́ńpẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ eegun. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn obìnrin náà. Mo ní rárá. Ó bi mí pé kí wá ló dé tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo bi òun náà pé ta ni ì bá tọ́jú rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ tí kò bá ní ìfẹ́ nínú kò jẹ́ nǹkan kan lójú Ọlọ́run, agogo tó ń dún lásán ni. Ó ní kí n gbàdúrà títí ìfẹ́ yóò fi wọ inú mi.

"Tí kò bá jẹ́ nǹkan kan, mọ́ńpẹ̀, ṣé kí n dá a dúró?"

Ó ní rárá, kí n má dá a dúró.

Ó ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ katikísì, àti pé títí n ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, n kò gbọdọ̀ gba ara Olúwa. Mi ò lọ. Bí wọ́n ṣe lé mi kúrò nídìí tábìlì Olúwa nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti lé ọkọ mi. Òun, nítorí pé ó fẹ́ obìnrin náà. Èmi, nítorí pé mo ní mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin mi kò lè pa ẹnu mọ́, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ìwàásù náà fún orogún mi kí n tó dé. Nígbà tí mo gbé omi wọlé nírọ̀lẹ́, ó ń dúró dè mí.

"Wọ́n ní o fẹ́ràn mi," ló wí.

"Irọ́ ni."

"Èmi náà mọ̀."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ẹ̀rín náà ń dun ún lẹ́yìn, kò sì lè dá a dúró. Mo ní kó ṣọ́ra, kó má da omi mi nù, ṣùgbọ́n èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó nínú yàrá yẹn.

Ẹ má rò pé a di ọ̀rẹ́. Ó ṣì ń sọ pé ọwọ́ mi wúwo, mo ṣì ń pè é ní ẹrù. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ni n kò ní láti purọ́ fún, òun náà kò sì purọ́ fún mi rí látìgbà tí wọ́n ti gbé e wálé. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fi òrí pa á lẹ́yìn, a máa ń bú ọkọ wa pọ̀. Ó máa ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ pẹ̀lú apá lásán, mo sì máa ń sín ohùn tó fi ń bèèrè pé "báwo ni ara rẹ̀." Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa Yorùbá ń lò fún ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin àti fún Ọlọ́run tó fẹ́ aráyé. Ọkùnrin yẹn fẹ́ mi, ó sì fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí, ojú wo ni kí n fi wo ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mọ́ńpẹ̀ bá ní kí n lọ wá a?

Ọdún yípo. Ara rẹ̀ ń joro, egbò kan á san, òmíràn á là. Mọ́ńpẹ̀ rán katikísì sí i kó má lọ kú láìṣe ìrìbọmi. Katikísì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ ìnujú bo imú, ó sì ṣàlàyé ọ̀run fún un dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ní ọ̀run yín yẹn, ṣé ẹsẹ̀ mi á rìn?"

Katikísì ní á rìn.

"Ṣé ìyáálé mi yìí á wà níbẹ̀?"

Katikísì wò mí. Ó ní tí mo bá ronú pìwà dà, n ó wà níbẹ̀.

"Á jẹ́ pé kí ẹ jẹ́ kí n rò ó ná," ló wí. "Ó ti rí mi tó."

Nígbà tí katikísì lọ, mo bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò gbàgbọ́. Mo gbà pé ọ̀run wà, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí rẹ̀. Mo ní ìjọ kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni lè da omi sórí ẹni tó ń kú lọ, mo lè dà á sí i lórí nísinsìnyí, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó mi orí.

"O ti da omi sí mi tó," ló wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Mi ò dà á. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ipá ṣe.

Ní òwúrọ̀ kan nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mò ń fi aṣọ nu apá rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀, níbi tí ara rẹ̀ ti ń gbọ́ ìrora. Ó wá ní, "Ọwọ́ rẹ kò wúwo lónìí." Ẹlòmíì ì bá rò pé ìyìn ni. Ọwọ́ mi wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo tẹ apá rẹ̀ gidigidi, kò ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ń lọ. Mo gbé omi náà sílẹ̀, mo jókòó tì í. Kí oòrùn tó kan àtàrí ó ti dákẹ́. Mo wẹ̀ ẹ́, ó kù díẹ̀ kí n ní kó máa bú mi.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tètè dé lọ́tẹ̀ yìí. Láti ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń sunkún bọ̀, èyí àgbà nínú wọn sì ń yí nílẹ̀. Ọkọ wa náà ti Kpingni dé, ó di àwọn àna rẹ̀ mọ́ra, ó ń ké pé òun ti pàdánù. Mo wọ yàrá lọ, mo kó ẹní tí ó kú lé lórí jáde, àti àwọn aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo kó wọn sílẹ̀ láàárín wọn.

"Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀," ni mo wí, "ẹ kọ́kọ́ bá mi fọ èyí."

Ẹkún dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọkọ wa fà mí sẹ́yìn, ó ní mò ń dójú ti òun níwájú àna. Mo ní ojú ì bá ti tì yín tipẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Aklampa, wọ́n sì sin ín gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Èmi kò bá wọn lọ. Mo sun ẹní náà lẹ́yìn ilé.

Ọkọ mi gbé ẹní tirẹ̀ wá sí yàrá mi lẹ́yìn ìsìnkú. Mo gbé e jáde padà. Yàrá tí orogún mi kú sí ni ó ń sùn sí títí ọjọ́ tirẹ̀ náà fi pé. Ní ilé ìjọsìn, wọ́n ní kò ní obìnrin méjì mọ́, ó jẹ́wọ́, wọ́n gbà á padà, wọ́n sì gbé àgbélébùú fún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì Ńlá tó tẹ̀ lé e, òun ló di àgbélébùú náà mú níwájú pẹpẹ tí gbogbo ìjọ ń lọ kúnlẹ̀, tí wọ́n ń fẹnu ko ẹsẹ̀ Olúwa. Èmi náà wà lórí ìlà. Wọn kò tíì gbà mí padà, ṣùgbọ́n wọn kì í dènà ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ igi náà. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kùn sí i wà níbi tó yẹ kó wà, ó gbẹ dáadáa, kò rùn. Mo ronú pé nígbà tí wọ́n sọ ẹni náà kalẹ̀ gan-an, ó ti wà lórí igi títí, ẹnìkan ní láti wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fi aṣọ dì í. Kò lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan rẹ̀, ó yí i, ó sì nu ohun tó ní í nù. N kò gbọ́ ìwàásù kankan nípa ẹni yẹn rí. N kò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn. N kò mọ̀ bóyá ó ń sunkún tàbí ó ń bínú sí àwọn ọkùnrin tó sá lọ. Mo fẹnu ko ẹsẹ̀ náà nítorí ẹni yẹn. Mi ò wo ojú ọkọ mi tó wà lókè mi.

Mo dá agbada padà sórí iná. Díẹ̀díẹ̀ àwọn oníbàárà padà, àwọn èèyàn a máa gbàgbé nǹkan tí gàrí bá dùn. Mọ́ńpẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò bèèrè àforíjì kankan lọ́wọ́ mi, mo sì padà sídìí tábìlì Olúwa. Katikísì ń lo ìwàásù tó fi mí ṣe àpẹẹrẹ yẹn ní gbogbo ààwẹ̀ títí tó fi kú. Ó wá di ìtàn ìlú.

Mo lọ mú àkọ́bí mi ní Gbaffo nígbà tí wọ́n ti sin obìnrin náà tán. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Ó tẹ̀ lé mi wálé nítorí pé ìyá mi ní kó tẹ̀ lé mi. Nígbà tó di abilékọ, tó ti bí ọmọ tirẹ̀, ó bi mí ní ọ̀sán kan, láìbínú, kí ló dé tí mo fi yàn án. Mo mọ ẹni tó ń wí. Mo ní n kò yàn án, kò ní ẹlòmíì ni.

"Èmi náà kò ní ẹlòmíì," ló wí.

Tí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, n ó tún gbé omi kaná, n ó sì tún rán ọmọ mi lọ, torí pé n kò rí ọ̀nà kẹta títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń wàásù fi ọmọ náà kún un nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ó máa ń wá kí mi ní gbogbo ọdún Kérésì, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, ó ń fọ aṣọ mi, ó ń gbá ilé. Oúnjẹ tirẹ̀ ló máa ń gbé wá láti ilé rẹ̀, nínú abọ́ tó dé pa, òun ni wọ́n sì máa ń jẹ.